Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà: ọdún kan tí mo ti ń lo go mod vendor n'Íjẹ̀bú-Òde

Ẹ jẹ́ n tètè là á mọ́lẹ̀: go mod vendor, àṣẹ kan nínú Go (èdè tí a fi ń kọ prógíráàmù), dáa, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, 4 nínú 5 ni mo fún un, ẹyọ kan tí mo yọ yẹn, ìdajì ẹ̀ jẹ́ ẹ̀bi tiẹ̀, ìdajì tó kù jẹ́ ẹ̀bi tèmi. Àmọ́ tẹ́nìkan bá sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá ti kó gbogbo package yín, ìyẹn kóòdù táwọn ẹlòmíì ti kọ tẹ́ ẹ̀ ń lò, sínú fódà vendor wàhálà ti parí nìyẹn, ẹ ní kí onítọ̀hún ṣí fódà ọ̀hún kó wo inú ẹ̀ ná. Èmi wo inú tèmi. Ojú tì mí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Mọ́lípà níbí tí mo kọ prógíráàmù kékeré kan fún, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó dáwó, ẹni tó yáwó, iye tó kù lọ́rùn kálukú, kó sì tẹ rìsíìtì jáde. Go ni mo fi kọ ọ́ torí fáìlì ẹyọ kan ló máa ń jáde, ẹ gbé e síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ó ń ṣiṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì wọn ti dàgbà, Linux ni mo fi sí i kó lè máa mí, íntánẹ́ẹ̀tì ò sì sí níbẹ̀ rárá torí Ìyá Akọ̀wé ti sọ pé àwọn ò ní ra dátà sí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ káwọn ọmọkùnrin kan wá máa fi wo bọ́ọ̀lù.

Sátidé kan, ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò pé àwọn fẹ́ yí èlé orí owó ẹ̀yá padà, láptọ́ọ̀pù tèmi sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Mo ní kò burú, ṣebí Go ti wà lórí tiwọn, mo kó kóòdù sórí fláàṣì, mo dé ibẹ̀, mo tẹ go build, àṣẹ tó ń sọ kóòdù di prógíráàmù. Ó ní òun ń wá proxy.golang.org, ibi tí Go ti ń mú package lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ò rí i. Mo gbé fóònù sójú wíńdò, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo jáde sí kọ̀rídọ̀, lẹ́tà E náà ló ń gbé síta. Àwọn ìyá ti ń wọlé ti ń jókòó. Ìyá Akọ̀wé wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹ̀ńjíníà, ṣé kọ̀ǹpútà yìí náà máa ń jẹ káàdì kó tó lè ṣírò ni?" Mo ní ẹ má bínú mà. Kakulétọ̀ àti bírò ni wọ́n fi ṣe ìpàdé ọjọ́ yẹn, mo sì jókòó sẹ́yìn bí ọmọ tó ya ìwé ilé-ìwé ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ kọ́ go mod vendor.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: tí kóòdù Go yín bá ń lo package ẹlòmíì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa ń wá a, á wá tọ́jú ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà yẹn, ìdí nìyẹn tí tèmi fi máa ń ṣiṣẹ́ nílé láìsí dátà tí mo sì ti gbàgbé pátápátá pé kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ò ní ẹ̀dà yẹn. go mod vendor ní tiẹ̀ máa ṣẹ̀dà àwọn package tí prógíráàmù yín nílò sínú fódà kan tó ń jẹ́ vendor, àárín kóòdù yín gan-an ló máa wà, ibi tẹ́ ẹ bá gbé kóòdù lọ ó bá yín lọ. Láti Go 1.14 tó jáde ní 2020, tí fódà yẹn bá ti wà níbẹ̀, tí go.mod yín (fáìlì tó ń to orúkọ àwọn package tẹ́ ẹ̀ ń lò) sì kọ 1.14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, go build á lo ó fúnra ẹ̀, ẹ ò ní láti bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni pé kì í kó gbogbo ilé ẹni wá torí abẹ́rẹ́. Bí àpẹẹrẹ, bcrypt ni mo fi ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù àwọn akọ̀wé, inú golang.org/x/crypto ló wà, nǹkan pọ̀ nínú ilé yẹn, ssh wà níbẹ̀, argon2 wà níbẹ̀, chacha20 wà níbẹ̀. Mo ṣí vendor, bcrypt ni mo bá, àti blowfish tí bcrypt gbára lé, àti ìwé àṣẹ wọn. Ó parí. Fáìlì test (èyí tí wọ́n fi ń dán kóòdù wò) àwọn tó kọ ọ́ kò bá wọn wá, ohun tó jẹ́ pé test àwọn ẹlòmíì nìkan ló ń lò ó náà kò wá. Bí ìgbà tẹ́ ẹ lọ Òkè-Àjẹ tẹ́ ẹ ra ata tí alátà ò fi dandan lé e pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì pẹ̀lú ẹ̀. Ibi tí mo ti fún un ní máàkì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òun náà ló tú àṣírí mi. Package márùn-ún péré ni mo mọ̀ pé mo pè. Ẹ̀yin náà mọ bí òde Ìjẹ̀bú ṣe ń rí, ẹ fún ẹnì kan níwèé ìpè, á mú ìyàwó ẹ̀, ìyàwó á mú ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á mú ọmọ àbúrò ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, gbogbo wọn á jókòó, gbogbo wọn á jẹ ìkọ́kọrẹ́, wọ́n á tún béèrè ẹ̀bùn, ẹ ò sì lè lé ẹnì kankan torí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó mú un wá. Mo-gbọ́-mo-yà ló kún inú vendor mi bámúbámú. Nínú go.mod, àwọn tí wọ́n kọ // indirect sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn nìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, nígbà tó yá mo dákẹ́. Gbogbo wọn ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí o, inú ẹ̀dà tó pamọ́ ni wọ́n fara sin sí, vendor kàn kó wọn síta gbangba ni.

Irinṣẹ́ tó dáa wà fún èyí, ẹ tẹ go mod why -m kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ń bi í tẹ̀lé e, á to ìdílé ẹ̀ kalẹ̀ fún yín ní ìlà-ìlà, ìwọ lo pe eléyìí, eléyìí ló pe ìyẹn, ìyẹn ló mú tọ̀hún wá. Tẹ́ ẹ bá fi -vendor sí i, á fo ti test àwọn ará ìta torí àwọn yẹn ò kúkú wọlé.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ bi í ni yaml.v3, package tó ń ka YAML, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀ sínú fáìlì, torí mi ò lo YAML rí nínú prógíráàmù yẹn. Ó ní fáìlì test tèmi ló pe testify, package tó ń ranni lọ́wọ́ láti kọ test, testify ló pe YAML. go-spew àti go-difflib náà, ibẹ̀ ni wọ́n bá wọlé. Testify ò ṣe nǹkan burúkú o, irinṣẹ́ gidi ni, àìmọye èèyàn ló ń lò ó, àmọ́ kí lèmi fi ń ṣe? Mo fi ń béèrè bóyá nọ́ńbà kan dọ́gba pẹ̀lú èkejì ni. If lásán lè béèrè ìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, NEPA tiẹ̀ mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Èkejì ni ti kọ́mà. Mo fẹ́ kí 1250000 máa jáde bíi ₦1,250,000 lórí rìsíìtì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ mú package kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ owó ní gbogbo ayé, ó mọ ti Jámánì, ó mọ ti Íńdíà, ó mọ ti àwọn tó ń kọ nọ́ńbà lọ́nà tí mi ò rí rí, gbogbo tábìlì èdè ló gbé wọ vendor mi, torí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Mọ́lípà tí kì í gba ju náírà lọ. Mo yọ ọ́. Mo kọ tèmi, kò tó ogún ìlà: mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo ka mẹ́ta, mo fi kọ́mà, mo ka mẹ́ta, mo fi kọ́mà, títí dé iwájú. Mo fi 0 dán an wò, 999, 1000, mílíọ̀nù kan, ó dáa. Ọ̀sẹ̀ kejì Ìyá Akọ̀wé pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni kọ́mà ń wá níwájú owó yìí?" Ẹnì kan ti jẹ gbèsè ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ₦-,500 ló jáde, torí mo ka àmì àyọkúrò mọ́ nọ́ńbà. Mo tún un ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kíkọ tara ẹni náà ní ìyà tiẹ̀, ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi yìí, ó kéré, mo mọ ojú ẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló bí mi nínú jù. Mo ní irinṣẹ́ kan tó ń yẹ kóòdù wò fún àṣìṣe, tẹ́lẹ̀ ohun táwa tó ń kọ Go máa ń ṣe ni pé a máa dá fáìlì kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ tools.go, a máa pe irinṣẹ́ náà níbẹ̀, a wá fi àmì kan sókè fáìlì náà tí ò ní jẹ́ kó wọ prógíráàmù láé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ go mod vendor kì í wo irú àmì yẹn, àfi èyí tó bá jẹ́ ignore, ohunkóhun tó bá rí tẹ́ ẹ pè, á kó o wá. Bí irinṣẹ́ àyẹ̀wò ṣe wọlé tòun ti ìran ẹ̀ nìyẹn, baba, ọmọ, ọmọ-ọmọ, kò sì sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn tó dénú fáìlì tí wọ́n ń lò ní Mọ́lípà. Go 1.24 ti ọdún 2025 ti mú ìlà tool wá sínú go.mod láti fi rọ́pò tools.go, ó mọ́ tónítóní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ inú go.mod kan náà ni ìdílé irinṣẹ́ yẹn ṣì ń wọ̀. Èmi fún un ní fódà tiẹ̀ àti go.mod tiẹ̀ lọ́tọ̀, kó lọ máa dá gbé. Ìyẹn nìkan ló mú èyí tó pọ̀ jù lọ kúrò nínú vendor mi.

Torí pé kì í wo àmì yìí náà lẹ ṣe máa rí golang.org/x/sys/windows nínú vendor ẹni tó jẹ́ pé Linux nìkan ló ń lò. Mo mọ̀ pé ó ní ìdí, wọ́n fẹ́ kí fódà yẹn ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, àmọ́ ó yẹ kéèyàn lè sọ fún un pé jọ̀ọ́, má mú ti Windows wá. Ìdajì máàkì tí mo yọ nìyẹn. Àwọn tó ń lo Rust, èdè prógíráàmù mìíì, tiwọn tún le jùyẹn lọ, cargo vendor tó jẹ́ irú àṣẹ yìí lọ́dọ̀ wọn máa kó ti gbogbo ẹ̀rọ wá, débi pé àwọn kan ní láti kọ irinṣẹ́ mìíì, cargo-vendor-filterer, tó ń bá wọn ṣẹ́ ẹ kù.

Ìdajì tó kù, tèmi ni. Mo rí àṣìṣe kékeré kan nínú package tó ń tẹ rìsíìtì, mo wọ inú vendor lọ, mo tún un ṣe níbẹ̀, inú mi dùn, mo tiẹ̀ súfèé. Lẹ́yìn oṣù kan mo tún tẹ go mod vendor. Ẹ ṣé o. Ó máa ń pa fódà àtijọ́ rẹ́ kó tó tún un kọ́ ni, àtúnṣe mi lọ ráúráú, go build sì kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀, kò ní kìlọ̀ fún yín ṣáájú, kò ní sọ fún yín lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún ti ẹlòmíì ṣe, ẹ ṣẹ̀dà ẹ̀ síbòmíràn kẹ́ ẹ fi replace tọ́ka sí i nínú go.mod. Ó wà nínú ìwé ìlò ẹ̀ pé kéèyàn má fọwọ́ kan inú vendor, èmi ni mi ò kà á.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè kan tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ mi ò gbà fún mi rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí torí kí nǹkan má bàa sọnù lẹ ṣe kó wọn sí vendor, wọ́n ti wà lọ́wọ́ yín báyìí, kí ló tún kan iye tí wọ́n jẹ́? Iṣẹ́ ò pọ̀ tó ni, tẹ́ ẹ fi ń tún ohun tí wọ́n ti kọ kọ?" Mo ní jókòó.

Mo sọ ìtàn méjì fún un. Àkọ́kọ́, oṣù kẹta 2016, Azer Koçulu bá àwọn npm, ibi táwọn tó ń kọ JavaScript ti ń mú package, jà nítorí orúkọ kan, kik, ó bá kó gbogbo package ẹ̀ kúrò lórí npm. Ọ̀kan nínú wọn ni left-pad, ìlà mọ́kànlá péré, ohun tó ń ṣe ni kó fi àlàfo síwájú ọ̀rọ̀. Prógíráàmù káàkiri ayé ò lè kọ́ ara wọn mọ́ títí npm fi dá a padà. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀dà ẹ̀ sínú vendor lọ́jọ́ yẹn, oorun ẹ̀ ló ń sùn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ ò rí nǹkan, ohun tí mo wí náà nìyẹn. Mo ní dúró.

Èkejì ni ti xz. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta 2024, Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe PostgreSQL (prógíráàmù tó ń tọ́jú dátà), kéde pé òun rí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹnì kan là sínú xz 5.6.0 àti 5.6.1, ohun tó jẹ́ kó fura ni pé ssh, tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, ń pẹ́ bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá nígbà tó bá fẹ́ wọlé. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá o! Kí ló wá kan ssh kan xz, tó jẹ́ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀? OpenSSH, ìyẹn ssh tó wọ́pọ̀ jù, fúnra ẹ̀ kò pè é. Àwọn tó ń ṣe Debian àti Fedora, oríṣi Linux méjì, ló lẹ libsystemd mọ́ sshd (apá ssh tó ń ṣílẹ̀kùn), kó lè máa ránṣẹ́ sí systemd, tó ń jí àwọn prógíráàmù dìde lórí Linux, pé "mo ti dìde o", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, libsystemd ló wá mú liblzma ti xz dání wọlé. Mo-gbọ́-mo-yà ló gbé oró wá sí òde. Nígbà tó yá OpenSSH kọ "mo ti dìde" yẹn fúnra wọn láìlo libsystemd, kò sì gbà wọ́n ju ìlà díẹ̀ lọ. Mo wá bi ọmọ náà pé tó bá jẹ́ pé xz yẹn lo kó sínú vendor ẹ ńkọ́? Ó dákẹ́. Inú ilé ẹ ni wà á gbé oró náà pamọ́ sí, á sì wà níbẹ̀ digbí, kò ní sọnù.

Ó rò ó títí ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú kọ bcrypt náà fúnra wa nígbà náà." Haa. Rárá o. Ohun tó bá jẹ́ ti páásíwọ́ọ̀dù, èmi ò ní kọ ọ́, ìwọ náà ò ní kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó fi ayé wọn kọ́ ọ máa kọ ọ́. SQLite, tó ń tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ prógíráàmù mi, náà bẹ́ẹ̀. go-sqlite3 tí mò ń lò, fáìlì C ẹyọ kan nínú ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ìlà, òun ló wúwo jù nínú gbogbo vendor mi, mi ò sì ronú rí láti yọ ọ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo owó àwọn ìyá yẹn wà, èyí tí mo gbà yẹn kò sì mú ẹnikẹ́ni tẹ̀lé ara ẹ̀. Àlejò tó sanra tó dá wá tó sì gbé kúlà oúnjẹ dání, ẹ fún un ní àga. Ti bí ó ṣe tóbi tó kọ́ ló ń dùn mí, ti ẹni tó wá jókòó tí mi ò mọ iṣẹ́ tó wá ṣe ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe go mod tidy kó lé àwọn tẹ́ ẹ ti gbàgbé pé ẹ pè, kẹ́ ẹ tó ṣe vendor, kẹ́ ẹ má sì ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa jáde. Ẹ̀ẹ̀kan náà nìkan ni dátà máa lọ. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e sórí git, tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, ẹ ṣe commit (ìfipamọ́) vendor lọ́tọ̀ sí ti kóòdù yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò máa ro pé ẹ ti ya wèrè.

Sátidé tó kọjá mo tún wà ní Mọ́lípà, láptọ́ọ̀pù wọn náà, kò sí dátà, fóònù mi wà nínú àpò, mo tẹ go build, ó ń rò díẹ̀ torí SQLite yẹn (bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán), ó jáde. Ìyá Akọ̀wé ní ṣé ó ti jẹ káàdì ẹ̀ tán ni, mo ní ó ti yó mà. Ìwé ìpè mẹ́ta péré ló kù nínú go.mod báyìí: bcrypt, SQLite, àti èyí tó ń tẹ rìsíìtì. Ẹni ìkẹyìn yìí, àwọn méjì kan ṣì jókòó tì í nínú vendor tí mi ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n wá ṣe, àmọ́ Iléyá ti dé tán, aṣọ Ojúde Ọba ò tíì kúrò lọ́dọ̀ télọ̀, mo ti fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà tí ọdún bá parí.